Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì tó tún ń dà: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa ẹni tó wà lórí ECMO

Ní oṣù kẹrin 2020, ìyàwó Nick Cordero, òṣèré Broadway tó jẹ́ ọmọ Kánádà, sọ pé wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ òun. Kòrónà ló gbé e dé ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní Los Angeles, wọ́n sì fi sórí ẹ̀rọ ECMO. Ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n fún un lóògùn kó má dì mọ́, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú ìfun ẹ̀, wọ́n dá oògùn yẹn dúró, ni wọ́n bá gé ẹsẹ̀. Oṣù keje ló kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń rú àwọn èèyàn lójú.

Kí ni ECMO?
Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró níta ara, nígbà míì ó ń ṣe ti ọkàn náà mọ́ ọn. Rọ́bà ńlá á fa ẹ̀jẹ̀ jáde láti itan tàbí ọrùn, ẹ̀rọ á fi ọ́síjìn sí i, á dá a padà. Kì í wo àrùn o, ó kàn ń gbé èèyàn ró títí ara á fi yá.

Ṣé oògùn yẹn ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi ni?
Rárá, kì í jẹ́ kó tètè dì ni.

Oògùn wo ni?
Heparin ló wọ́pọ̀ jù. Ọdún 1916 ni Jay McLean, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Johns Hopkins, kọ́kọ́ rí i. Àwọn dọ́kítà fẹ́ràn ẹ̀ torí kì í pẹ́ lára, láàárín bíi wákàtí kan sí kan ààbọ̀ ìdajì ẹ̀ ti lọ, oògùn tó ń pa agbára ẹ̀ náà sì wà, protamine.

Wọ́n ní ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i, Mùsùlùmí sì ni bàbá mi ńkọ́?
Òótọ́ ni, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ààfáà gbà pé tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tí kò sì sí òmíràn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tètè sọ fún dọ́kítà ṣá. Bivalirudin wà, inú itọ́ eṣúṣú ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n ẹ̀ kí wọ́n tó máa ṣe é fúnra wọn, òun náà ni wọ́n máa ń fún ẹni tí heparin bá ń bá ara ẹ̀ jà.

Báwo wá ni ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣe ń dì tó tún ń dà?
Ibi tó le nìyí, ẹ fara balẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan rọ́bà, ṣe ló máa ń ṣe bíi pé ara ti gbọgbẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Tó bá dì sínú ẹ̀rọ, ọ́síjìn ò ní ráyè wọlé dáadáa, tó bá sì já lọ sínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń fi agbára yí ẹ̀jẹ̀ po, ó tún ń já èròjà gígùn kan tó ń jẹ́ von Willebrand factor sí wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Torí náà, kódà tí wọn ò bá fún aláìsàn ní heparin rárá, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà ní imú ẹ̀, ní ìfun, níbi tí rọ́bà gbà wọlé, èyí tó burú jù ni inú ọpọlọ, nígbà tó jẹ́ pé nínú rọ́bà, dídì ló ń dì. Ti ẹsẹ̀ tún wà níbẹ̀: rọ́bà tó bá wọ iṣan itan lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìwọ̀n heparin tó yẹ?
Àyẹ̀wò ni, léraléra, tọ̀sán tòru. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní ACT, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì máa ń fẹ́ kó wà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 180 sí 220. Ti anti-Xa, tó ń wọn agbára heparin nínú ẹ̀jẹ̀, 0.3 sí 0.7 ẹyọ nínú mílílítà kan. Àyẹ̀wò méjèèjì lè má bára mu, dọ́kítà á ṣì wo aláìsàn fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ṣáá.

Tó bá jẹ́ èèyàn mi ló wà níbẹ̀ ńkọ́?
Ẹ sọ gbogbo oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ fún wọn, aspirin, warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì), àgbo, ẹ má fi ìkankan pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ bi wọ́n pé èwo lẹ ń bẹ̀rù jù lónìí, kó dì ni àbí kó dà? Tí wọ́n bá sì dá heparin dúró, ẹ má rò pé wọ́n ti jọ̀wọ́ ẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀mí ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dáàbò bò.

Èmi ń lo warfarin nílé, ẹ̀rù ti ń bà mí, ṣé kí n dá a dúró?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Téèyàn bá dá a dúró fúnra ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kó fa rọpárọsẹ̀. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò INR yín, tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, déédéé, ẹ sọ fún dọ́kítà eyín kó tó yọ eyín. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí orí ṣàdédé fọ́ yín lọ́nà tí kò ṣe rí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.