Sámọ́nì kún Alaska, kí ló dé tí wọ́n ní kí ará odò Yukon má pa á?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà àti ìjọba Kánádà tọwọ́ bọ̀wé pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹja sámọ́nì tí wọ́n ń pè ní Chinook nínú odò Yukon, tó ń ti Kánádà ṣàn gba Alaska lọ sókun, fún ọdún méje. Ó rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, torí Alaska yìí kan náà ni àwọn apẹja ti kó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù sámọ́nì ní etí òkun tí wọ́n ń pè ní Bristol Bay lọ́dún 2022.

Ṣé ẹja náà ti ń tán ni?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Oríṣi sámọ́nì márùn-ún ló wà ní Alaska. Sockeye ló pọ̀ ní Bristol Bay, ó sì ń bí sí i. Chinook, tó tóbi jù nínú wọn, ló ń dín kù.

Kí ló dé tí wọn ò fi ti ibi tó pọ̀ dí ti ibi tó wọ́n?

Inú odò ni sámọ́nì ti ń jáde láti inú ẹyin. Á wọ òkun lọ, á jẹun sanra níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà á padà sínú odò tí wọ́n ti bí i gan-an, á yé ẹyin, á sì kú. Bí ẹja Ọ̀ṣun bá tán, ti odò Ògùn ò ní wá rọ́pò rẹ̀. Àwọn Chinook Yukon kan ń wẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 kìlómítà kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń yé ẹyin ní Kánádà, wọn kì í sì í jẹun lójú ọ̀nà: ọ̀rá ara wọn ni wọ́n fi ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ẹja Yukon fi lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ìyá ibẹ̀ sì fẹ́ràn láti yan án.

Ọdún méje náà ni wọ́n fojú bù fún ìgbà tí ẹyin kan yóò fi di ẹja tó padà wá yé ẹyin. Ìwọ̀nba díẹ̀ fún ayẹyẹ ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n fàyè sílẹ̀ fún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tó wà?

Wọ́n ń kà á. Ní Bristol Bay, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gun ilé ìṣọ́ létí odò, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka ẹja tó ń kọjá láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní Yukon tí omi rẹ̀ dọ̀tí, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi ni wọ́n ń lò. Bí iye tó yẹ kó lọ yé ẹyin bá ń kọjá, wọ́n á ṣí ẹja pípa fún wákàtí díẹ̀. Bí kò bá tó, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n. Fún Chinook Yukon, 71,000 ni wọ́n fẹ́ kó dé Kánádà.

Ta ló láṣẹ lórí odò náà?

Ibí yìí ni ìjà pọ̀ sí. Òfin fara mọ́ ọn pé ẹja jíjẹ ló ṣáájú ẹja títà: bí ẹja bá wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n á kọ́kọ́ dá dúró. Ṣùgbọ́n ta ni olùjẹ? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1980 ní ará ìgbèríko ni. Ní 1989, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Alaska ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà kò gbà pé kí ibi tí ènìyàn ń gbé fún un ní ẹ̀tọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ni ìjọba àpapọ̀ bá gba àṣẹ lórí ilẹ̀ tirẹ̀ ní 1990, ó sì fi àwọn odò ibẹ̀ kún un ní 1999. Odò kan wá di olólùṣọ́ méjì.

Ní 2021, lórí Kuskokwim, odò mìíràn ní Alaska, ìjọba àpapọ̀ ní ará ìgbèríko àdúgbò nìkan ló lè ju àwọ̀n; ìpínlẹ̀ ní gbogbo ará Alaska ni. Ìjọba àpapọ̀ gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní 2022, ó sì borí ní 2024. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà gbè é lẹ́yìn ní 2025. Èmi náà rò pé ibẹ̀ ni òdodo wà. Ní abúlé tí kò ní ọ̀nà mọ́tò, tí bàálù ń gbé oúnjẹ wá ní owó gọbọi, ẹja ni oúnjẹ.

Ṣé àwọn ará abúlé ló pa á tán?

Rárá o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Gbogbo ohun tí wọ́n ń pa jẹ ní Alaska kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ẹja àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń kó níbẹ̀. Òkun àti odò tó ń gbóná wà lára ohun tó fà á: ní 2019, ooru pa ọ̀pọ̀ chum, oríṣi sámọ́nì mìíràn, tẹyin-tẹyin nínú Koyukuk, odò tó ń ṣàn wọ Yukon. Àìsàn náà wà nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wá ẹja pollock nínú òkun Bering máa ń kó Chinook mọ́ ọn. Lọ́dún tí ẹja bá wọ́n pàápàá, òfin gbà kí ó tó 45,000 kí wọ́n tó dá wọn dúró. Àwọn onímọ̀ kò kà á sí olórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ó dùn mí fún ìyá tí wọ́n ní kó má mú ẹyọ kan.

Ṣé kí n má ra sámọ́nì mọ́ ni?

Ẹ lè rà á. Sámọ́nì Alaska inú agolo sábà máa ń jẹ́ sockeye tàbí pink, kì í ṣe Chinook Yukon. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé wọ́n sìn ín ni, kì í ṣe ti Alaska, nítorí òfin ibẹ̀ ti ka ọ̀sìn ẹja títà léèwọ̀ láti 1990.

Kí ló yẹ ká máa bẹ̀rù?

Àgọ́ ẹja ni. Ẹbí á kó lọ sétí odò nígbà ooru, ìyá àgbà á kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń la Chinook, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń fi èéfín yan án. Ọmọ ọdún márùn-ún tó wà níbẹ̀ ní 2024 á ti pé ọdún méjìlá kí àdéhùn yìí tó parí, àwọn ìyá àgbà náà ò sì ní dúró lójú kan.