Bí Àwọn Orílẹ̀-Èdè Ṣe Ń Jọ Ṣèwádìí Owó Orí Ilẹ̀ àti Ilé

Kí olùwádìí láti orílẹ̀-èdè méjì tó fi owó orí ilé wọn wéra, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí gan-an. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń pẹ́ jù. Ní Estonia, láti 1993, iye ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò; ilé orí rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Ní Ṣáínà, ìjọba ló ni ilẹ̀ ìlú. Ẹ̀tọ́ àtilo ilẹ̀ fún ọdún 70 ló wà fún ilé gbígbé. Ẹni tó bá kó àwọn méjèèjì sójú àtẹ kan láìṣàlàyé, ó ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ìdí nìyẹn tí àjọṣe fi gbọ́dọ̀ fìdí múlẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ń wádìí. Ní 2007, Lincoln Institute of Land Policy, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ilẹ̀ tó wà ní Cambridge ní Massachusetts, Amẹ́ríkà, dá ibùdó kan sílẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Peking ní Beijing. Nígbà tí Shanghai àti Chongqing bẹ̀rẹ̀ sí í dán owó orí ilé wò ní January 2011, òfin ìlú kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, àwọn ìlú yòókù kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni olùwádìí ń wá lójú méjèèjì, torí ó jẹ́ kó ṣeé ṣe láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye ilé níbi tí wọ́n ti ń san án àti níbi tí wọn kò ti san án.

Òṣùwọ̀n kan wà tí kò bìkítà irú owó tí wọ́n ń ná. Wọ́n á mú iye tí ìjọba kọ sí ilé kan lọ́rùn, wọ́n á fi iye tí ilé náà tà pín in. Ká ní ilé ńlá kan tà ní 100, tí ìwé ìjọba pè é ní 60; ilé kékeré kan tà ní 10, ìwé pè é ní 9. Onílé ńlá ń san owó orí lórí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, onílé kékeré lórí ìdá 90. Ẹni tó ní díẹ̀ ló ń ru ẹrù tó wúwo jù, kò sì sẹ́ni tó máa rí i bí wọn kò bá ṣírò rẹ̀.

Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí nílò iye títà tó jẹ́ òótọ́. Níbi tí olùrà àti olùtà ti máa ń dín iye kù nínú ìwé kí owó ìjọba má baà pọ̀, irọ́ ni ìṣirò náà máa bí. Freetown, olú ìlú Sierra Leone, gba ọ̀nà míì. Ní 2020, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn International Centre for Tax and Development, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa owó orí, ìlú náà kúrò nínú wíwọn bí ilé ṣe fẹ̀ tó nìkan. Àwòrán sàtẹ́láìtì ń sọ bí ó ṣe tóbi, òṣìṣẹ́ sì ń dúró níta láti wo òrùlé, ògiri, fèrèsé àti ọ̀nà tó dé ibẹ̀, kí wọ́n lè fún un ní máàkì tí wọ́n á fi díwọ̀n iye rẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́, kó bi í léèrè bí máàkì náà ṣe jẹ́.