Bí Agbaṣẹ́ṣe Ṣe Ń Kọjá Ẹ́jẹ́ńtì Lọ Bá Oníṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe láìjẹ́ òṣìṣẹ́ olóṣù, àwọn tí wọ́n ń pè ní contractor, kì í bá iléeṣẹ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún tọwọ́ bọ̀wé rárá. Ẹ́jẹ́ńtì ló wà láàárín. Ìwé àdéhùn méjì ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ọ̀kan wà láàárín agbaṣẹ́ṣe àti ẹ́jẹ́ńtì, èkejì wà láàárín ẹ́jẹ́ńtì àti iléeṣẹ́ tó níṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe kì í sábà fojú kan èkejì yẹn. Bí ẹ́jẹ́ńtì bá ń san £500 fún un lóòjọ́, ó lè jẹ́ pé £600 ni iléeṣẹ́ ń san lórí ọjọ́ kan náà. Bí ó bá fi 220 ọjọ́ ṣiṣẹ́ lọ́dún, £22,000 ló dúró sọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí òun kúkú lọ bá oníṣẹ́ fúnra òun.

Ó ṣeé ṣe, ó sì bófin mu ju bí ẹ́jẹ́ńtì ṣe máa ń sọ lọ. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló ń dí ọ̀nà: gbólóhùn inú ìwé àdéhùn, ìlànà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń ra iṣẹ́, àti òfin owó orí. Gbólóhùn inú àdéhùn làwọn èèyàn ń bẹ̀rù jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òfin ti pààlà fún.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ́jẹ́ńtì ti fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Òfin owó orí kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1975 sọ pé ẹni tí ẹ́jẹ́ńtì bá fi síbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń darí bó ṣe ń ṣe é níbẹ̀, kí ẹ́jẹ́ńtì máa yọ owó orí rẹ̀ bí ẹni pé òṣìṣẹ́ olóṣù ni, ì báà jẹ́ pé onítọ̀hún ka ara rẹ̀ sí ọ̀gá ara rẹ̀. Kí ẹrù yẹn má bàa já lé wọn lórí, àwọn ẹ́jẹ́ńtì ní àwọn ò ní bá ẹni tí kò ní limited company tirẹ̀ ṣe, ìyẹn iléeṣẹ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ṣe di iléeṣẹ́ ẹlẹ́nìkan nìyẹn. Òfin ọ̀hún kò kan ẹni tó bá oníṣẹ́ ṣe tààrà. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí sole trader, bí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ bá fi hàn lóòótọ́ pé kò sí ní ipò òṣìṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣì máa ń fẹ́ bá limited company ṣe kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Òfin tó yẹ kí gbogbo agbaṣẹ́ṣe mọ̀ dáadáa ni Conduct of Employment Agencies and Employment Businesses Regulations ti ọdún 2003, tó ń ṣiṣẹ́ ní England, Scotland àti Wales. Yorùbá ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀, ó kàn sọ iye ọ̀sẹ̀ tí alárinà ṣì lè fi dúró béèrè owó ni. Ẹ̀ka kẹwàá rẹ̀ sọ pé bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ gba ẹni tí ẹ́jẹ́ńtì mú wá kúrò lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì, ẹ́jẹ́ńtì lè gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà láàárín àkókò kan péré. Àkókò yẹn lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá parí kẹ́yìn nínú méjèèjì ni òfin ń wò.

Ká ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2025, ó sì parí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ 14 ti kọjá tipẹ́tipẹ́, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 8 ló kù láti kà, ìyẹn sì parí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, iléeṣẹ́ náà lè pè é padà tààrà, kò sì sí kọ́bọ̀ tí ẹ́jẹ́ńtì lè béèrè. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi ṣe iṣẹ́ náà, tó parí ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ 8 á parí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ 14 á sì parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ni òfin máa mú. Láàárín àkókò yẹn pàápàá, ẹ́jẹ́ńtì gbọ́dọ̀ fún iléeṣẹ́ láǹfààní láti yan ohun mìíràn: dípò kó sanwó, kó máa gba ẹni náà lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì fún sáà kan sí i, kí onítọ̀hún sì di tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àǹfààní yẹn kò bá sí nínú àdéhùn wọn, ẹ́jẹ́ńtì kò lè gba owó ọ̀hún.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ni owó yìí ti ń wá, kì í ṣe lápò agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀ka kẹfà òfin kan náà ò gbà kí ẹ́jẹ́ńtì fìyà jẹ agbaṣẹ́ṣe tàbí kó halẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé ó fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka kejìlá ò sì gbà kí ó di owó agbaṣẹ́ṣe mú nítorí pé oníṣẹ́ kò tíì san tirẹ̀. Ààbò gidi nìyí, agbaṣẹ́ṣe kan ò sì yẹ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú nù.

Àmọ́ wọ́n ń jù ú nù lójoojúmọ́, nípa títọwọ́ bọ ìwé kékeré kan. Òfin fún ẹni tó ń fi limited company ṣiṣẹ́ láyè láti sọ pé òun ò fẹ́ kí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí kan òun. Opt-out ni wọ́n ń pè é. Ẹ́jẹ́ńtì máa ń kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìwé mìíràn tó bá fi ránṣẹ́, pẹ̀lú àlàyé pé gbogbo agbaṣẹ́ṣe ló ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, pé ó ń ranni lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ kó tó mú bírò ni pé òfin kan náà kà á léèwọ̀ fún ẹ́jẹ́ńtì láti sọ pé òun ò ní wá iṣẹ́ fún ẹni tó bá kọ̀ láti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Òfin tún sọ pé iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe àti agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìwé náà sì dé ọwọ́ ẹ́jẹ́ńtì kó tó di pé ó fi ẹni náà han oníṣẹ́ tàbí fi í síbi iṣẹ́. Èyí tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kò bá ìlànà yẹn mu. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ronú àtikúrò lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì kọ́kọ́ yẹ ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà wò, kó fi wé ọjọ́ tó ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú oníṣẹ́.

Ẹni tó bá ti yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin náà bó ṣe tọ́ á wá máa fi ìwé àdéhùn nìkan ṣe é. Níbẹ̀ ni a ti ń rí gbólóhùn tó sọ pé fún oṣù 6 tàbí 12, kò gbọ́dọ̀ bá oníṣẹ́ yẹn ṣe àfi nípasẹ̀ ẹ́jẹ́ńtì. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fara mọ́ ohun tó bá ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba ni, tó sì ń dáàbò bo nǹkan gidi tí ẹni tó kọ ọ́ ní. Gbólóhùn tó ní kí agbaṣẹ́ṣe má bá oníbàárà ẹ́jẹ́ńtì kankan ṣe, títí kan àwọn tí kò bá pàdé rí, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó mọ sórí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ́jẹ́ńtì mú un lọ, fún oṣù mélòó kan, lè dúró dáadáa níwájú adájọ́.

Wàyí o, ká ní gbogbo èyí ti yanjú, iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì lè sọ pé rárá. Ibí yìí ni mo gbà pé ìdènà tó le jù wà. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, kọ́ ló ń tọwọ́ bọ ìwé ìsanwó. Àwọn tó ń bójú tó ìràjà ló ń ṣe é, wọ́n sì ní àkójọ ẹ́jẹ́ńtì díẹ̀ tí wọ́n ti bá dúnàá dúrà, tí wọ́n ń pè ní PSL. Ẹni tí kò bá gba ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn wá, wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn láti gba ìwé owó kan lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńtì kan lórí ogójì èèyàn ju kí wọ́n máa gba ogójì lọ.

Òfin IR35 tún fi kún un. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2000 ni òfin yìí ti wà fún ẹni tó ń fi iléeṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó jọ ti òṣìṣẹ́ olóṣù, agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá ó kan òun nígbà yẹn. Lọ́dún 2017, wọ́n gbé ìpinnu náà lé àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Lọ́dún 2021, ó kan àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ńlá àti alábọ́ọ́dé. Bí ẹ́jẹ́ńtì bá wà láàárín, òun tó ń sanwó fún agbaṣẹ́ṣe ló máa yọ owó orí nígbà tí ìpinnu bá lọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ẹ́jẹ́ńtì, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló máa yọ ọ́, tí á sì fi ránṣẹ́ sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní Ìlú Ọba. Ó yéni nígbà náà ìdí tí báńkì ńlá kan fi lè sọ fún ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì pé kó padà sọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ńtì.

Ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ kékeré ni ọ̀nà ti ṣí. Òfin 2021 yọ wọ́n sílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ló ṣì ń pinnu IR35 lọ́dọ̀ wọn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ iléeṣẹ́ kékeré: owó tó ń wọlé fún un, iye ohun-ìní rẹ̀, àti pé kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ má ju 50 lọ. Méjì nínú mẹ́ta tó. Wọn kì í ní PSL, ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló sì sábà máa ń gbé fóònù.

Ọ̀nà kejì ni ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àwọn ọ̀gá ń ṣípò. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka níbi kan lánàá lè ti wà ní iléeṣẹ́ mìíràn lónìí, ìwé tí agbaṣẹ́ṣe bá ẹ́jẹ́ńtì àtijọ́ tọwọ́ bọ̀ kò sì sábà dé ibẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe business analyst tàbí project manager ní London, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba ẹnu ọ̀rẹ́ àti ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí ẹ́jẹ́ńtì tó gbọ́. Kí èèyàn tètè lọ bá olórí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀, kó tó fi CV rẹ̀ fún ẹ́jẹ́ńtì kankan lórí iṣẹ́ yẹn, torí bí ẹ́jẹ́ńtì bá ti fi CV ránṣẹ́ tán, iléeṣẹ́ náà lè ti jẹ́ ẹ ní gbèsè lábẹ́ àdéhùn tiwọn. Iṣẹ́ ìjọba sì wà lórí Find a Tender, ìkànnì tí ìjọba fi ń kéde iṣẹ́ tó fẹ́ gbé jáde, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker kò lè fi iṣẹ́ tó fún un ní físà sílẹ̀ kó wá di agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kan òun, ó di ìgbà tó bá gba ìwé ìgbélùú tó tú u sílẹ̀.

Ẹni tí iléeṣẹ́ bá gbà, wọ́n á ní kó mú ìwé ìbánigbófò wá, pàápàá professional indemnity, èyí tó ń bo àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Companies House, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, àti nọ́ńbà VAT bó bá ní. Wọ́n á forúkọ rẹ̀ sínú ètò ìsanwó wọn, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà PO (purchase order), ìyẹn nọ́ńbà ìwé tí iléeṣẹ́ fi gbé iṣẹ́ náà jáde. Kó má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba nọ́ńbà yẹn. Ìwé owó tí kò bá ní PO lórí lè wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó máa bi í léèrè.

Ìdádúró owó gan-an ni ẹrù tí ẹ́jẹ́ńtì ń bá agbaṣẹ́ṣe gbé. Ó máa ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, nígbà tí oníṣẹ́ lè máa san tirẹ̀ lẹ́yìn 30 tàbí 60 ọjọ́. Ẹni tó bá ń lọ tààrà gbọ́dọ̀ ní owó tí yóò máa jẹ ní àkókò yẹn nílẹ̀. Mi ò rò pé ó dáa kó béèrè gbogbo £600 náà. Bó bá ní £550, oníṣẹ́ jèrè £50, òun náà jèrè £50, ó sì rọrùn fún olórí ẹ̀ka láti gbèjà rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìràjà.

Bí owó bá pẹ́, òfin Late Payment of Commercial Debts (Interest) Act 1998 wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn ò bá jọ fi ọjọ́ ìsanwó sí àdéhùn, owó ti pẹ́ lẹ́yìn 30 ọjọ́. Èlé rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 8% ní àfikún sí iye èlé tí Bank of England bá ń kéde. Owó ìtanràn tún wà lọ́tọ̀ lórí ìwé owó kọ̀ọ̀kan: £40 bí gbèsè kò bá tó £1,000, £70 láti £1,000 títí di ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó pé £10,000, £100 bó bá tó £10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbaṣẹ́ṣe kò nílò lọ́yà kó tó kọ ọ́ sórí ìwé owó tó máa fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e.