Java 25: Kí ló dé tí bátànì oníye yìí tún wà ní ìdánwò?

Java 25, ẹ̀dà tuntun èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Java, jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn tó ń kọ́ kóòdù ní Agbowó àti Bódìjà sì ń béèrè ohun kan náà: kí ni JEP 507 yìí, ìyẹn àbá àtúnṣe Java tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn? Òun ló fẹ́ kí pattern matching (ìyẹn bátànì) máa ṣiṣẹ́ lórí int, byte, double àti àwọn ẹbí wọn, ìyẹn àwọn irú iye kéékèèké tí Java ń lò. Ìdánwò ni wọ́n gbé e jáde fún ní Java 23, wọ́n tún un ṣe ní 24, ó tún di ẹ̀ẹ̀kẹta ní 25.

Kí tiẹ̀ ni pattern matching?

Ẹ wo agbèrò tó ń to ẹrù ní gáréèjì Ìwó Road. Ó kọ́kọ́ wo irú ẹrù tó jẹ́, lẹ́yìn náà ló mọ ibi tó máa gbé e sí. Pattern matching ń wo irú ẹrù, ó tún ń tú u lẹ́sẹ̀ kan náà, ó sì ń kó ohun inú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Láti Java 16 ni “o instanceof String s” (ṣé ọ̀rọ̀, String, ni o? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa jẹ́ s) ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Java 21 wá mú un dé inú switch, àṣẹ tó ń yan ohun tó kàn láàrin oríṣiríṣi case.

int kì í ha ṣe int? Kí la tún fẹ́ bi í?

Ibí ló ti dùn. Tẹ́lẹ̀, ohun tí instanceof ń béèrè ni pé “irú kí nìyí?” Tó bá kan iye, ìbéèrè yí padà: “ṣé yóò gba inú kóńgò yìí láìdà sílẹ̀?” Kóńgò byte kò gbà ju -128 sí 127 lọ. 100 wọ̀ ọ́. 300 kò wọ̀ ọ́. Ẹ kọ (byte) 300 bí a ti ń kọ ọ́ látijọ́, 44 ni Java máa fún yín, kò sì ní sọ fún yín pé nǹkan dà sílẹ̀. Èmi ti rí ọjà Bódìjà tó ṣe olóòótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n títóbi nìkan kọ́. Kóńgò float, irú iye tó ń gba dẹ́símà, tóbi ju ti int lọ fíìfíì, síbẹ̀ 16,777,217 kò lè wọ inú rẹ̀ kó pé. Nítorí náà, tí n bá jẹ́ int, “n instanceof float f” á gba 16,777,216, á kọ èyí tó tẹ̀ lé e, á tún gba 16,777,218. Bẹ́ẹ̀ “float f = n” ń gba gbogbo wọn láìjanpata.

Ṣé wàhálà rẹ̀ kò ti pọ̀ ju èrè lọ?

Ẹni tó bá ka òfin tuntun nìkan á ní kò pọ̀. Ibi tó ti ń pọ̀ ni ibi tí òfin tuntun ti ń pàdé àwọn ti àtijọ́, bíi ti float yẹn. Ẹni tí kò sì ní kọ ọ́ láéláé ṣì máa bá a pàdé nínú kóòdù ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ó ń pa òfin rẹ́ náà: switch kì í gba boolean tàbí long tẹ́lẹ̀, a kàn há a sórí bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi ni pé kí wọ́n gba ti switch lónìí. Ti float ni kí wọ́n ṣì máa yẹ̀ wò, ìdánwò mẹ́ta kò pọ̀ jù fún un.

Ṣé Java nìkan ni bátànì ti ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀?

Rárá o. Ní Python 3.10, èdè kóòdù mìíràn, ẹni tó kọ “case PIPE:” rò pé òun ń fi wé iye tó ti wà nínú orúkọ PIPE ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: ohunkóhun tó bá dé ni ó máa gbé wọ orúkọ náà. Tí case mìíràn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, Python á kọ̀. Tó bá jẹ́ òun ló kẹ́yìn, kò ní wí nǹkan kan.

Ṣé kóòdù mi àtijọ́ á bàjẹ́?

Kò ní bàjẹ́.

Ṣé kí n lò ó níbi iṣẹ́?

Ẹ má tíì lò ó. Àyàfi kí ẹ fi --enable-preview ṣí i, kóòdù tí ẹ bá sì fi Java 25 kọ lọ́nà yẹn kò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà mìíràn. Ilé ni kí ẹ ti dán an wò: ẹ ṣí jshell, ibi tí a ti ń dán kóòdù Java wò, pẹ̀lú --enable-preview, kí ẹ fi iye mẹ́ta òkè yẹn, láti 16,777,216 dé 16,777,218, bi í léèrè float, kí iná tó lọ.