Ṣé Kristẹni lè tọ́ ọmọ láì fìyà jẹ ẹ́?

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì bí ọmọ méjì, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí àwa òbí máa ń jiyàn lé lórí tó èyí: tí Ọlọ́run bá jẹ́ ìfẹ́, ṣé ó yẹ kí n na ọmọ mi, àbí kí n tiẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ rárá? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Ṣebí Bíbélì fúnra ẹ̀ ló ní ẹni tí kò bá na ọmọ ẹ̀, ó kórìíra ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Òwe 13:24 nìyẹn, 22:15 tún sọ ọ́, 23:13 àti 14 sọ ọ́, 29:15 náà ò gbẹ́yìn. Àwọn kan máa ń ní àkàwé lásán ni pàṣán tó wà níbẹ̀, mi ò lè bá wọn dé ibẹ̀ yẹn, torí 23:13 sọ̀rọ̀ nínà kedere. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n túmọ̀ sí pàṣán, ìyẹn shevet, òun kan náà ni wọ́n pè ní ọ̀gọ nínú Sáàmù 23, níbi tí Dáfídì ti ní ọ̀gọ Olúwa àti ọ̀pá rẹ̀ ń tu òun nínú. Òun náà ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń ka ẹran ọ̀sìn nínú Léfítíkù 27:32, òun náà sì ni ọ̀pá àṣẹ ọba nínú Sáàmù 45:6. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá yẹn tọ́ ọmọ, kó rántí pé àgùntàn kì í sá fún ọ̀gọ olùṣọ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sá sí.

Nǹkan míì ni pé ìwé Òwe kì í ṣe ìwé òfin. Òwe 26:3 ní pàṣán wà fún ẹ̀yìn òmùgọ̀, kò sọ pé ọmọdé o, síbẹ̀ mi ò tíì rí pásítọ̀ tó na àgbàlagbà nínú ìjọ torí pé ó hùwà òmùgọ̀. Diutarónómì 21:18 sí 21 tiẹ̀ ní kí wọ́n sọ ọmọ olórí kunkun lókùúta pa, kò sí Kristẹni tó ń ṣe é. Gbogbo wa la ti ń fi ojú Jésù ka àwọn ẹsẹ tó le báyẹn, ìgbà tó bá wá kan ara ọmọdé la máa ń dáwọ́ dúró, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé òwe gẹ̀ẹ́sì yẹn, "spare the rod and spoil the child", kò sí nínú Bíbélì bó ṣe wà lẹ́nu wa yẹn. Inú ewì Samuel Butler, ará England tó gbé ayé láàárín ọdún 1600 sí 1700, ló ti wá.

Ìbéèrè: Kí wá ni ìyàtọ̀ ìbáwí àti ìyà?

Ìdáhùn: Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀: ìbáwí, kéèyàn bá ọmọ wí. Ẹnu ló wà nínú ẹ̀, kò sí ẹgba níbẹ̀. Ìyà ní tiẹ̀, wọ́n máa ń jẹ ẹ́ ni, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń jẹ ẹ́, kó lè dun ẹni tó ṣẹ̀ bó ṣe dun ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìbáwí ń wo ọmọ tó máa jí lọ́la. Àwọn àgbà tó ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ẹ kíyè sí i, wọn ò ní ọmọ tí a kò nà.

Nínú Éfésù 6:4, ohun tí Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn baba fi tọ́ ọmọ ni paideia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n ń lò fún títọ́ àti kíkọ́ ọmọ lápapọ̀. Kó tó sọ ìyẹn ló ti ní kí wọ́n má ṣe mú ọmọ bínú, Kólósè 3:21 sì fi kún un pé kí ọkàn wọn má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ ro ìgbà tó ń kọ ọ́: lábẹ́ òfin Róòmù, agbára tí baba ní lórí ọmọ ẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀mí ọmọ gan-an wà lọ́wọ́ ẹ̀. Irú baba bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ fún pé rọra.

1 Jòhánù 4:18 ló tún wá kàn. Kò sí ìbẹ̀rù nínú ìfẹ́, ìfẹ́ pípé ń lé ìbẹ̀rù jáde, torí ìbẹ̀rù ní ìyà nínú. Kolasis ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìjìyà gan-an ló túmọ̀ sí. Àwọn Kristẹni tó ń tọ́ ọmọ láìfìyàjẹ tún máa ń mú Aísáyà 53:5 wá, pé ìnà tó yẹ kó fún wa ní àlàáfíà ti wà lára Jésù, wọ́n á wá béèrè pé tí Baba bá ti gbé ìyà kúrò lọ́rùn mi, kí ni mò ń gba tèmi lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin fún? Ìbéèrè yẹn mú mi gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìbéèrè: Hébérù 12 ńkọ́, tó ní ẹni tí Olúwa fẹ́ ló ń nà?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tó le ni, àwọn Kristẹni tó gbà pé ó yẹ ká na ọmọ níwọ̀nba, láìbínú, ibẹ̀ ni wọ́n dúró lé, èèyàn dáadáa tó fẹ́ràn ọmọ wọn sì pọ̀ nínú wọn. Bí mo ṣe ń kà á ni pé àwọn tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n má lọ rò pé Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ 10 ní àwọn baba wa nípa ti ara ń bá wa wí bó ṣe dára lójú wọn, Ọlọ́run ń ṣe tiẹ̀ ká lè pín nínú ìwà mímọ́ rẹ̀. Tí mo bá ń lu ọmọ torí pé ó ti rẹ̀ mí, tí àwọn èèyàn sì ń wò mí, èwo nínú méjèèjì nìyẹn?

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe àṣà ayé òde òní lẹ fẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o. John Chrysostom, bíṣọ́ọ̀bù àti oníwàásù tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn, ti kọ ọ́ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má sọ ẹgba di nǹkan ojoojúmọ́, torí ọmọ tó bá ti mọ́ lára á kàn máa fojú di í. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Anselm, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury ní 1093. Ọ̀gá ilé àwọn mọ́ǹkì kan wá ráhùn sí i pé tọ̀sántòru làwọn ń na àwọn ọmọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n kàn ń burú sí i ni. Anselm bi í pé tó o bá gbin igi, tó o fi ọgbà há a mọ́ yíká débi pé ẹ̀ka ò rí ibi nà sí, irú igi wo lo máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀? Ọkùnrin náà ní igi wíwọ́ tí kò wúlò ni. Anselm ní ta ló fà á?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ìgbàanì ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Susanna Wesley, ìyá John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, kọ lẹ́tà ní 1732 pé òun kọ́ àwọn ọmọ òun láti bẹ̀rù ẹgba nígbà tí wọ́n bá ti pé ọdún kan, àwọn míì tiẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ọmọ ẹ̀ wúlò fún Ọlọ́run, òótọ́ ni, mi ò sì gbà pé ẹgba yẹn ló fà á.

Ìbéèrè: Òfin ìjọba ńkọ́?

Ìdáhùn: Sweden ló kọ́kọ́ fòfin de nínà ọmọ, títí kan inú ilé, ní 1979, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti tẹ̀ lé e. Ní South Africa ní 2019, ẹgbẹ́ Kristẹni kan gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù pé ìgbàgbọ́ àwọn fàyè gba nínà, ilé ẹjọ́ kò gbà fún wọn.

Ìbéèrè: Élì ò bá àwọn ọmọ ẹ̀ wí, ṣé ẹ rí ibi tó já sí?

Ìdáhùn: Àwọn ọmọ Élì ti di ọkùnrin, àlùfáà ni wọ́n, kì í ṣe ẹgba ló kù tí kò fún wọn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó sì sọ ọ́ tán, ó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni ti Dáfídì àti Àdóníjà. 1 Àwọn Ọba 1:6 ní bàbá ẹ̀ ò bà á nínú jẹ́ rí nípa bíbi í pé, èéṣe tó o fi ṣe báyìí? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bíbélì ní Dáfídì jẹ ọmọ ẹ̀.

Ìbéèrè: Ó dáa, tí ọmọ bá wá ba nǹkan jẹ́ tàbí tó purọ́, kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Láìfìyàjẹ ò túmọ̀ sí kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Tó bá da omi sílẹ̀, òun náà á mú àkísà. Tó bá ń lu àbúrò ẹ̀, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ẹ má jẹ́ kó lù ú, ẹ má sì lu òun náà kẹ́ ẹ tó ní kò dáa ká máa luni. Tó bá mú nǹkan onínǹkan, ẹ bá a lọ, kó dá a padà, kó sì bẹ̀bẹ̀. Sákéù ni mo máa ń tọ́ka sí, nínú Lúùkù 19. Jésù wọlé lọ bá a ṣe àlejò, òun fúnra ẹ̀ ló dìde tó ní òun máa san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó máa ń pẹ́ o, ó ń gba sùúrù ju ẹgba lọ, àwọn ọjọ́ kan wà tó máa dà bíi pé kò ṣiṣẹ́ rárá.

Ìbéèrè: Mo ti na àwọn ọmọ mi gan-an. Ṣé ó ti bọ́?

Ìdáhùn: Kò tíì bọ́. Èmi náà nà wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo bá fóònù mi pẹ̀lú ojú tó ti fọ́, ọmọbìnrin mi ló wà nítòsí ẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan, mo nà án. Lálẹ́ ni àbúrò ẹ̀ ọkùnrin wá bá mi nínú yàrá, ó ń sunkún, ó ní òun lòun já a bọ́, ẹ̀rù ẹgba ni ò jẹ́ kí òun sọ. Mo lọ jí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo ní mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́ dárí jì mí. Ó ti dárí jì mí kí n tó sọ ọ́ tán, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ bi mí."