Ìró Méjì Tó Di Ẹja: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Orin Fíìmù Jaws

Lọ́dún 2025 ni fíìmù Jaws, ìtàn ẹja ekurá (shark) ńlá kan tó ń pa èèyàn jẹ, pé 50 ọdún, wọ́n sì tún gbé e padà sí ilé sinimá. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn rẹ̀: wọ́n ní orin ló ń bani lẹ́rù níbẹ̀, kì í ṣe ẹja. Ó rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ta ló darí fíìmù náà, ta ló sì ṣe orin rẹ̀?
Steven Spielberg ló darí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975. John Williams ló ṣe orin rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù tí wọ́n ń pè ní Oscar lórí rẹ̀.

Báwo ni orin ṣe lè bani lẹ́rù ju ẹja apanijẹ lọ?
Torí pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹja ekurá náà. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ń dẹnu kọlẹ̀ nínú omi òkun, wọ́n sì ní láti ya ọ̀pọ̀ ìran láìsí i. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan la ó máa wò, orin á sì bẹ̀rẹ̀. A ti mọ ẹni tó ń bọ̀.

Wọ́n ní ìró méjì péré ni orin ẹja náà. Ṣé lóòótọ́ ni?
Orí ìró méjì ló dúró lé. Nígbà tí Williams kọ́kọ́ fi dùùrù tẹ̀ ẹ́, Spielberg rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìró náà máa ń rọra bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á wá máa yára, á máa ròkè bí ẹja ṣe ń súnmọ́. Ohun tójú ò rí, etí ti wọn jíjìn rẹ̀.

Ṣé gbogbo ìgbà tí ẹja bá ń bọ̀ ni orin máa ń dún?
Rárá o, ibí yìí ló sì wù mí jù. Àwọn ọmọ méjì kan fi páálí ṣe lẹbẹ ẹja, wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo èèyàn ń sá, ṣùgbọ́n orin ò dún. Ẹni tó bá tẹ́tí ti mọ̀ pé kò sí ẹja níbẹ̀. Bí a ṣe ń kọ́ láti gbọ́kàn lé orin nìyẹn. Ìgbà tó yá, ọ̀gá ọlọ́pàá dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń da ìdẹ sómi, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Lójijì, orí ẹja yọ gàǹgà! Orin tó ń kìlọ̀ fún wa látìbẹ̀rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn ọdẹ wá ń lé ẹja náà kiri, orin yí padà, ó di ti ìrìn àjò alárinrin lójú òkun. Ẹja kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú mọ́, ó ti di ohun ọdẹ.

Ẹ̀rù máa ń ba ọmọ mi tó bá ń wo irú fíìmù báyìí. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ dín ohùn rẹ̀ kù. Bí ẹ bá bo ojú ọmọ, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Ṣé ó yẹ kí n máa bẹ̀rù ekurá?
Àwọn tí ekurá ń pa lágbàáyé kì í sábà tó mẹ́wàá lọ́dún. Ekurá tí àwa èèyàn ń pa wọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Síbẹ̀ orin ṣì ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016, wọ́n fi fídíò ìṣẹ́jú kan náà han àwọn èèyàn, níbi tí ekurá ti ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn kan gbọ́ orin tó ń dẹ́rù bani, àwọn kan gbọ́ èyí tó ń múnú dùn, àwọn kan ò gbọ́ orin rárá. Àwọn tó gbọ́ orin ẹ̀rù ló fojú burúkú wo ekurá jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ètò nípa ẹranko, tí ọkàn yín ń já, ẹ kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ẹranko náà ń ṣe gan-an.