Ìbọn bàbá ń di ogún, ìwé àṣẹ rẹ̀ kì í di ogún

Bí ọdẹ bá kú, wọ́n á ṣípà fún un, ìyẹn ètùtù ìdágbére àwọn ọdẹ, wọ́n á pín ogún ní orí-òjorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín tirẹ̀) tàbí ní ìdí-igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀), ìbọn tó fi kọ́ ògiri á sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kan. Ẹbí á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹnì kan àti ìbọn kan pàtó ló wà nínú ìwé àṣẹ. Bí olórúkọ bá ti lọ, ìwé náà kò gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó sọ ìbọn ọ̀hún sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti di ẹni tó ní ìbọn láìníwèé.

Ìbọn fúnra rẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó sọ̀rọ̀ ìwé. Ṣakabùlà tí bàbá kì kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn ṣì lè yìn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí etù inú rẹ̀ bá gbẹ. Ẹ pe àgbà ọdẹ tó mọ̀ ọ́n lò. Á kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn, òun náà ò sì ní dúró níwájú rẹ̀. Á ti ọ̀pá ìkìbọn wọlé títí yóò fi dúró, á sàmì sí ọ̀pá náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, á wá fà á yọ, á fi wọn ara ìbọn níta. Bí ọ̀pá kò bá dé ìdí, tó fi ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kù, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná tàbí irin gbígbóná yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú ìbọn tó jẹ́ ló ń sọ ibi tí ẹ máa lọ. Ṣakabùlà àti àwọn tí à ń ti ẹnu kì wà ní ìsọ̀rí kan. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ ni ìwé wọn wà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tó ń lo katiríìjì wà ní òmíràn, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè ló ń fúnni láṣẹ rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ńkọ́? Èèwọ̀ ni, àyàfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá bá a nínú àpótí bàbá, ẹ pe lọ́yà kí ẹ tó sún un.

Ẹbí tún máa ń ṣì í níbi pé àkọ́bí ló ni ín. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 níwèé, tàbí aláàárẹ̀ ọpọlọ, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Dáwódù tó ń mutí yó kò lè gbà á, bó ti wù kó lẹ́tọ̀ọ́ sí i tó. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo. Ìbọn kì í ṣe ilé tí ẹbí jọ ń gbé.

Ẹ má gbé ìbọn dání lọ sí tèṣàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n lè mú yín lójú ọ̀nà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé àṣẹ àtijọ́ àti lẹ́tà tí olórí ẹbí fọwọ́ sí lọ bá DPO, ọ̀gá tèṣàn ọlọ́pàá, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí bí ìbọn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ìbọn alágbẹ̀dẹ ni kò ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ gígùn rẹ̀ àti àmì ara igi rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ nínú. Láìsí rìsíìtì, ẹ̀yin ni wọn yóò bi léèrè tí ìbọn bá sọnù.

Òfin kejì tó dá lé olè jíjà àti ìbọn sọ pé ẹni tó ní ìbọn láìníwèé lè san ₦20,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Owó yẹn kéré lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ adájọ́ ni yíyàn wà, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Bí bàbá bá ṣì wà láàyè, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ọmọ tó fẹ́ fún kọ́kọ́ tọrọ ìwé tirẹ̀, kí ìbọn wá tẹ̀ lé ìwé.